Jàgùdà Tí Wọ́n Gbà Síṣẹ́ ní Oregun

Ìwọ tó ń kà á, mo kìlọ̀ fún ọ: ilẹ̀kùn tí o ní kí wọ́n má tì nítorí tìrẹ, kò mọ̀ ọ́ yàtọ̀ sí olè.

Ọdún kẹta tí ìjọba alágbádá padà dé ni. Ṣàkírù, ará Ìjẹ̀bú, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí ìyẹ̀fun kan ní Oregun. Ìwé mẹ́fà ló kà. Àwọn oníbúrẹ́dì Agége á béèrè ìyẹ̀fun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Ṣàkírù á wọlé sórí kọ̀ǹpútà, á fọwọ́ sí i, ọkọ̀ á sì kó o.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Olúfúnṣọ́, obìnrin Èkìtì tó jẹ́ ọ̀gá yàrá kọ̀ǹpútà, wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ bá mi yọ̀ o! Mo ti gba olè síṣẹ́. Jàgùdà lorúkọ ẹ̀."

"Sùbúhánálàhì!" Ṣàkírù dìde.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ètò kọ̀ǹpútà ni. Gbogbo ìgbà tá a bá tún ojú ìwé wa orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe, kí ẹ̀rọ tó gbé e síta, Jàgùdà á kọ́kọ́ mi gbogbo ilẹ̀kùn wò fúnra ẹ̀. Bó bá fi lè ráyè wọlé, kò sóhun tó máa jáde."

Ṣàkírù jókòó. Lọ́dún tó kọjá, páswọ́ọ̀dù kì í dúró lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀rọ tì í síta lójú àwọn awakọ̀. Ó bẹ Olúgbénró, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ètò náà. Olúgbénró ní àgbà kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n máa bi í pé ta ni. Ó ṣe é kó jẹ́ pé orúkọ Ṣàkírù nìkan ti tó fún un láti wọlé, láìsí páswọ́ọ̀dù.

Kò pẹ́, ojú kọ̀ǹpútà pọ́n. Ẹ̀rọ dúró.

"Ó wọlé!" Olúfúnṣọ́ pariwo. "Orúkọ Bàbá ló fi wọlé. Àádọ́ta àpò ló fọwọ́ sí!"

Olúgbénró, tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, dorí kodò. Ọkọ ìyàwó tuntun ni; iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣàkírù wò ó, ó wo ilẹ̀. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ẹ̀rọ ló ṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá sọnù lórúkọ rẹ̀, ta ló máa gbà pé kì í ṣe òun? Iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá á bọ́ nìyẹn.

"Màdáàmù... èmi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn náà. Ẹ má bínú. Ẹ bá mi tì í."

"Ọwọ́ mi ló ṣí i," ni Olúgbénró wí.

Olúfúnṣọ́ wo àwọn méjèèjì, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ. Bàbá, kí ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ò lè gbàgbé láéláé?"

Ṣàkírù ronú. "Oríkì tí ìyá mi máa ń kì mí."

"Ẹ mú ìlà kan níbẹ̀ ṣe páswọ́ọ̀dù. Ẹ má jẹ́ n gbọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó fi ara bo ọwọ́. Olúgbénró dí ihò àtijọ́. Jàgùdà tún dé, ó mi ilẹ̀kùn títí, ó rẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà di àwọ̀ ewé. Kó tó di ọ̀sán, ọkọ̀ ìyẹ̀fun ti forí lé Agége.

"Bàbá," Olúgbénró sún mọ́ ọn, "ìlà wo lẹ mú gan-an?"

Ṣàkírù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Bí Jàgùdà bá mọ̀ ọ́n, kó sọ fún ọ. Èmi ò ní sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni."