Ọjọ́ tí Yìnyín Já Kúrò Létí Duluth

Lahja Kinnunen kì í sún mọ́ adágún ńlá ìlú wọn. Ní ìlú Duluth, ní Amẹ́ríkà, níbi tí gbogbo òpópónà ti dà gẹ̀rẹ̀ láti orí òkè wá sétí omi, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí afárá èbúté bá gbéra sókè fún ọkọ̀ ńlá tó wá kó òkúta irin, àwọn ará ìlú a sáré lọ wò ó tọmọtọmọ; Lahja a ní òun ń dáná. Ìgbà tó wà lọ́mọdé ni bàbá rẹ̀ bá ọkọ̀ lọ nínú oṣù Nofẹ́ńbà kan. Ìjì dé. A ò rí ọkọ̀, a ò rí bàbá.

Tauno ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀, ẹni omi ni. Àmọ́ látìgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìkẹ́rù sọ́kọ̀, tí Reino, ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, sì ti kú lójijì nígbà ooru tó kọjá, kò níbi tó ń lọ mọ́ àfi orí adágún. Kí òtútù ṣáà ti mú omi dì, á wọ́ àgọ́ pupa rẹ̀ lọ sí ọ̀ọ́kán, á lu ihò sínú yìnyín, á ju ìwọ̀ ẹja sínú omi ibẹ̀, á jókòó tì í látàárọ̀ dalẹ́. Nígbà mìíràn kì í mú ẹja kankan bọ̀. Lahja kì í bi í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan báyìí, lẹ́yìn tí Tauno ti lọ sórí adágún, Lahja ń fọ ife kọfí lẹ́bàá fèrèsé. Ó ṣàkíyèsí pé èéfín ilé aládùúgbò, tó ti ń fẹ́ bọ̀ sórí òkè láti àná, ti yí padà, ó ń fẹ́ lọ sójú omi. Ó wo ìsàlẹ̀. Ìlà dúdú kan wà láàárín ilẹ̀ àti yìnyín, tín-ín-rín bí òwú. Bó ṣe ń wò ó, ó ń fẹ̀ sí i: afẹ́fẹ́ ń gbé yìnyín lọ sójú agbami.

Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe fóònù Tauno. Fóònù dún lára ẹ̀wù tó fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ rẹ̀ kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ta ni yóò sọ fún un?

Ó wa mọ́tò sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn apẹja ń sáré bọ̀ létí omi, wọ́n ń fo ibi tó là kọjá. Àwọn kan ti gbé àkàsọ̀ dábùú rẹ̀.

"Ẹ má lọ o!" obìnrin kan kígbe mọ́ Lahja. "Ẹ ò rí i pé ó ti já ni?"

"Ọkọ mi wà lọ́hùn-ún. Kò gbọ́ràn."

"Ẹ̀yin náà ò wá gbọ́ràn ni?"

Lahja ti gun àkàsọ̀ náà. Omi dúdú ń mí sókè sódò lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tẹ yìnyín, ó gbájú mọ́ àgọ́ pupa lọ́ọ̀ọ́kán. Yìnyín ń kérora. Ohùn gígùn ni, bí ìgbà tí ẹran ńlá kan ń yíra padà nísàlẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ní kó padà. Ó ń sáré lọ, ó ń pe Ọlọ́run ní èdè Finland tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ.

Ó ṣí ẹnu àgọ́ pupa náà. Tauno jókòó síbẹ̀, ó káwọ́ lé itan. Ìwọ̀ rẹ̀ kò sí nínú omi.

"Dìde! Yìnyín ti já!"

Tauno wò ó bí ẹni rí iwin. "Lahja? Kí ni ìwọ ń ṣe níbí?"

"Ìwọ ni mo wá mú."

"Padà sílé, jọ̀ọ́."

"Màá padà, bó o bá wà níwájú mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sún, jẹ́ kí n jókòó."

Ìgbà náà ni ẹ̀rù tó wọ ojú Tauno. Ó fò dìde, ó gbá ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, wọ́n sáré.

Kí wọ́n tó dé etí, àlàfo náà ti fẹ̀ tó títì ọlọ́kọ̀. Àkàsọ̀ ti bá omi lọ. Apẹja kan ṣoṣo ló kù lórí yìnyín, Delbert, ará Fond du Lac, ó ń ju ọwọ́ sí àwọn panápaná tí ń gbé ọkọ̀ wọn sómi. Ìgbì dé, etí yìnyín ya, ẹsẹ̀ Lahja kan sì rì wọlé dé itan. Òtútù náà gé e bí ọ̀bẹ. Tauno dojú bolẹ̀, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó ń fà á, ó ń sunkún, "Kì í ṣe ìwọ! Kì í ṣe ìwọ!" títí òun àti Delbert fi fà á jáde.

Nínú ọkọ̀ panápaná tó wá kó wọn, wọ́n fi kúbùsù wé Lahja. Delbert mi orí.

"Tauno, o kó mi láyà jẹ o. Mo ti rò pé o ti dé ilé. Ṣebí mo lu àgọ́ rẹ, o ní o gbọ́, ò ń bọ̀?"

Tauno gbójú sí omi. Lahja yíjú wo ọkọ rẹ̀, ẹ̀rù kan sì bà á tó ju ti omi lọ.

Nílé, Lahja kò bọ́ bàtà rẹ̀ tó rin gbingbin kó tó bèèrè.

"O gbọ́ Delbert?"

"Mo gbọ́."

"Yìnyín ńkọ́?"

"Mo ti gbọ́ ìró rẹ̀ kí gbogbo wọn tó gbọ́." Tauno ń wo ilẹ̀. "Mo ní kó máa gbé mi lọ. Mi ò mọ̀ pé wàá wá, Lahja. Ìwọ tí o kì í tẹ etí omi."

Lahja fẹ́ gbá a létí. Ó fẹ́ gbá a mọ́ra. Kò ṣe ìkankan. Ó pe Helvi, ẹ̀gbọ́n Tauno, tó ń gbé ní Cloquet.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ nísinsìnyí. Ara Tauno yá, àmọ́ ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Òun fúnra rẹ̀ á sọ fún yín."

Ó na fóònù sí i. Tauno wo fóònù náà títí, Helvi ń pe orúkọ rẹ̀ nínú rẹ̀. Níkẹyìn ó gbà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ látorí Reino.

Lahja fa àga kan, ó gbé e ti ilẹ̀kùn, ó jókòó sórí rẹ̀. Lóde, afẹ́fẹ́ kò tíì rọlẹ̀.