Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Rẹ́jísítà

"Orúkọ yín dà níbẹ̀, sà?"

Obìnrin aṣàyẹ̀wò tí ìjọba rán wá ti ṣí rẹ́jísítà náà sílẹ̀ lórí káńtà, ó sì ń fi ìka kan tẹ̀lé àwọn ìlà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ti ka oṣù mẹ́ta. Orúkọ mẹ́rin kan náà ni ó ń bá pàdé lójoojúmọ́, pẹ̀lú àkókò tí olúkúlùkù dé àti àkókò tí ó lọ. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ti ọkùnrin tí ó dúró níwájú rẹ̀, tí òógùn ṣì wà ní iwájú orí rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ kan tí òwú elésè àlùkò wà lójú rẹ̀ sì há sí àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀, mà," ni ọkùnrin náà fèsì.

"Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ yín sọ pé ibí lẹ ti ń ṣiṣẹ́."

"Ibí náà ni, mà. Ó ti lé lọ́dún kan báyìí."

"Ẹ wá ń ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé lọ́dún kan, ẹ ò dé lọ́jọ́ kankan, ẹ ò sì lọ lọ́jọ́ kankan?"

Bàbá Oníná, tí ó ti ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ náà fún ọdún méjìlélógún, bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó sì yára sọ ẹ̀rín náà di ikọ́.

Àna ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń pe ọkùnrin náà. Orílẹ̀-èdè mìíràn ni ó ti wá, ó sì fẹ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù bí; wọ́n ti bí ọmọ kan. Òfin ìlú gba ẹni tí ó fẹ́ ọmọ onílùú láàyè láti ṣiṣẹ́, bí ó bá jẹ́ pé ibi tí a kọ sínú ìwé rẹ̀ ni ó ti ń ṣe é, tí iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún kí ìwé Àna tó parí. Ẹni tí wọn kò bá tún tirẹ̀ ṣe yóò padà sí ibi tí ó ti wá, ibẹ̀ ni yóò sì ti tún un béèrè. Àwọn tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí rí sọ pé ó máa ń gbà tó ọdún méjì.

Ilẹ̀kùn yàrá ìfọṣọ ṣí, Màmá, ìyá ìyàwó rẹ̀, sì jáde, ó ń fi áfúrọ́ọ̀nù nu ọwọ́.

"Ta ló ń wá orúkọ àna mi nínú ìwé àwọn alágbàṣe?"

"Èmi ni, mà. Ẹ kú iṣẹ́."

"O ṣeun. O ò lè rí i níbẹ̀. Wo gbogbo ìwé yẹn tán, wàá rí i pé orúkọ tèmi náà ò sí níbẹ̀, ti ọmọ mi ò sí níbẹ̀. Àwọn tí a gbà síṣẹ́ ló ń fọwọ́ síwèé. Àwa la ni ibí."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe àwáwí. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ni ó ra rẹ́jísítà àkọ́kọ́, láti ìgbà náà ni ìwé yìí sì ti pín àwọn tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù sí ọ̀nà méjì: àwọn tí a ń ka wákàtí wọn, àti àwọn tí a kì í kà á fún. Ní òwúrọ̀ tí Àna kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti tẹ̀ síwájú káńtà láti kọ orúkọ rẹ̀, Màmá sì gba bíírò lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. "Mi ò ní jókòó máa ka wákàtí fún àna mi," ni ó wí. Ó yẹ kí a sọ ọ́ pé inú Àna dùn lọ́jọ́ náà. Ó ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, bí àṣìṣe bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ṣe é, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é.

"Mo gbọ́ yín, mà," ni aṣàyẹ̀wò wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò ka ohun tí mo bá kọ ò mọ ẹbí yín. Ìwé ni wọ́n mọ̀. Mo máa padà wá lọ́jọ́bọ̀, láago mẹ́wàá. Ẹ bá mi wá ohunkóhun tó ní déètì, tó jẹ́ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ wáyé gan-an la kọ ọ́."

Kí ó tó di ọ̀sán, Màmá ti ra rẹ́jísítà tuntun. Ó gbé e lé orí tábìlì ìkáṣọ pẹ̀lú bíírò márùn-ún, aláwọ̀ dúdú mẹ́ta, aláwọ̀ búlúù méjì, ó sì pe gbogbo wọn jọ.

"A máa tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kálukú á kọ tiẹ̀, àna mi á kọ tiẹ̀ sí ìlà karùn-ún. Ẹ máa pààrọ̀ bíírò."

"Bẹ́ẹ bá ní kí n kọ ọ́, Màmá, màá kọ ọ́," ni Bàbá Oníná wí. "Àmọ́ oṣù tí mo fi wà ní ọsibítù ńkọ́? Ṣé kí n kọ pé mo wá ni?"

"Má wá, Bàbá. Dùbúlẹ̀ sí ọsibítù rẹ."

"Ṣé kí n tún pẹ́ láwọn ọjọ́ tí mo pẹ́?"

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́," ni ìyàwó Àna wí láti ìdí káńtà. "Ìwé èké ni ẹ fẹ́ ṣe yẹn."

"Ṣé irọ́ ni pé ọkọ ẹ ṣiṣẹ́?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Kí wá ni èké níbẹ̀?"

Ìbéèrè náà kò rọrùn. Àna wo àwọn ìlà òfìfo náà. Òtítọ́ ni iṣẹ́. Ìwé yìí nìkan ni kò ní jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n bí àṣírí rẹ̀ bá tú, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ yóò di irọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún wo Bàbá Oníná, tí ó ti mú bíírò kan tí ó sì ń dán an wò sí àtẹ́lẹwọ́. Ọkùnrin yìí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ jẹ́rìí èké lójú ewé tí ó tó ọ̀ọ́dúnrún, fún ẹnìkan tí wọn kò jẹ́ kí ó kọ orúkọ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Màmá, ẹ má bínú," ni ó wí. "Mi ò ní kọ ọ́."

Kò tíì kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu rí.

"O ò ní kọ ọ́?" Màmá fọwọ́ lé ìbàdí. "Ó dáa. Lọ máa di ẹrù ẹ. Kí o bá mi kí àwọn ará ilé."

Ó wọlé lọ. Ìyàwó Àna sunkún díẹ̀, ó nu ojú, ó sì dá oníbàárà tí ó wọlé lóhùn. Àna padà sí ìdí tábìlì rẹ̀, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ṣì wà nílẹ̀. Ó lọ àkọ́kọ́, ó fi kọ́ háńgà. Ó já tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí méjì, ó fi píìnì há ìdajì mọ́ aṣọ, ó sì yọ abẹ́rẹ́ láyà láti fi òwú kọ́ ìdajì kejì bí ó ti máa ń ṣe. Ó dúró.

Gbogbo ẹni tí ń lọ aṣọ níbẹ̀ ni ó ní àwọ̀ òwú tirẹ̀. Dúdú ni ti Bàbá Oníná. Funfun ni ti Màmá fúnra rẹ̀. Bí oníbàárà bá dá aṣọ padà, òwú ara ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì tí ó kù sí ṣọ́ọ̀bù ni yóò fi ẹni tí ó ṣe é hàn, Màmá yóò sì kọ ẹ̀sùn náà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú èyí. Ó lè má ka wákàtí ẹbí, ṣùgbọ́n kò gbà pé ẹbí kò lè jó aṣọ.

"Bàbá," ni Àna wí jẹ́ẹ́jẹ́, "níbo ni Màmá ń kó àwọn ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì sí?"

Páálí mẹ́fà ni wọ́n tò síwájú aṣàyẹ̀wò ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rọ ti tẹ déètì sí ara tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó Àna ti ṣa àwọn tí ó ní òwú elésè àlùkò lọ́tọ̀, ó sì ti di wọ́n ní oṣooṣù. Aṣàyẹ̀wò tú ìdì kan, ó yí tíkẹ́ẹ̀tì padà, ó sì kà á sókè.

"'Àna ti jó kọ́là. Ó ní fóònù ló pe òun.'" Ó mú òmíràn. "'Sítáàṣì ti pọ̀ jù. Ṣòkòtò yìí lè dá nàró. Àna náà ni.'" Ó mú ẹ̀kẹta. "'Bọ́tìnnì méjì sọnù. Àna ní òun ò rí wọn. Ta ló wá rí wọn?'"

Bàbá Oníná tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Ta ló kọ nǹkan wọ̀nyí?"

"Èmi ni," ni Màmá wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Ẹ ò fẹ́ ka wákàtí rẹ̀, mà, ṣùgbọ́n ẹ ka bọ́tìnnì."

Màmá wo ilẹ̀. Àna kò rí i kí ó wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì wá ibòmíràn wò.

Aṣàyẹ̀wò ka ọjọ́ tí òwú náà farahàn: ó jẹ́ igba ọjọ́ ó lé mọ́kànléláàádọ́rin. Ó ya àwòrán wọn, ó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá Oníná, ó sì kó ìdì méjì dání.

"Ìpinnu ò sí lọ́wọ́ mi," ni ó wí fún Àna. "Ohun tí mo máa kọ ni pé ẹ ń ṣiṣẹ́ níbí. Ẹni tí kò ṣiṣẹ́ ò lè ba aṣọ jẹ́ tó báyìí. Ṣùgbọ́n láti ọ̀la, orúkọ yín gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ́jísítà."

Gbogbo wọn wo Màmá. Ó gbé páálí tí ó ṣófo, ó sì wọ yàrá ìfọṣọ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Àna kọ́kọ́ mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé kí ó tó wá síbi iṣẹ́. Rẹ́jísítà àtijọ́ wà ní ṣíṣí lórí káńtà, bíírò sì wà láàárín rẹ̀. Ó rò pé òun yóò bá orúkọ Bàbá Oníná ní ìlà àkọ́kọ́, nítorí òun ni ó máa ń ṣáájú kọ ọ́. Orúkọ Màmá ni ó bá níbẹ̀, tí a fi ọwọ́ tí ó kọ gbogbo ẹ̀sùn wọ̀nyẹn kọ: ó dé ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́rin yòókù wà lábẹ́ wọn.

Láti inú yàrá ìfọṣọ, ó ń gbọ́ tí Màmá ń bá ẹ̀rọ jà.

Ó mú bíírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà keje. Ó fẹ́ kọ aago mẹ́jọ. Ó wo aago ara ògiri, ó sì kọ mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin.