Ẹ̀rọ Tó Ń Béèrè Orúkọ

Ẹ̀rọ kì í dẹ́rù ba èmi Láídé. Èèyàn ló máa ń dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún 2006, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọsibítù kékeré kan ní Festac, lẹ́yìn àpótí onígíláàsì tí ọmọ àbúrò mi sùn sí, mo mú wáyà lọ́wọ́, ẹ̀rù ẹ̀rọ sì ń bà mí.

Bímpé àbúrò mi bí ọmọ náà kí oṣù rẹ̀ tó pé, ni wọ́n bá gbé e sínú àpótí tó ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ooru. Àpótí tòkunbọ̀ ni. Aago tó yẹ kó máa ké bí ooru bá pọ̀ jù ti kú kí àpótí náà tó wọ Nàìjíríà. Ojú lásán ni Nọ́ọ̀sì Rosaline fi ń ṣọ́ abẹ́rẹ́ tó ń tọ́ka bí ooru ṣe tó níwájú àpótí náà. Ọjọ́ ìkómọ ti kọjá, Bímpé ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, a sọ ọ́ lórúkọ tán ló lọ. "Ọmọ Bímpé" ni wọ́n kọ sí rọ́bà ọwọ́ eléyìí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Amuwo ni pé mò ń fi kọ̀ǹpútà kékeré tó ń lo ètò Línọ́ọ̀sì sínú tírélà, kí àwọn tó ni ín lè mọ ibi tó wà. Lẹ́yìn àpótí ọmọ náà, mo rí síríà pọ́ọ̀tì, ihò tí ẹ̀rọ méjì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èrò mi ni pé kí àpótí máa sọ bí ooru rẹ̀ ṣe tó fún ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà kékeré wọ̀nyẹn tí mo mú wá, kí kọ̀ǹpútà máa lu aago. Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹnu mi ló sábà máa ń yá ju ọwọ́ mi lọ.

Mo so wọ́n pọ̀, mo ń wo ohun tó ń lọ lójú làpútọ́ọ̀pù mi. Àmì rádaràda ló kọ́kọ́ jáde, torí ọ̀kan ń sáré sọ̀rọ̀, èkejì ń falẹ̀ gbọ́. Mo mú ìyára wọn dọ́gba. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i: nọ́ńbà kò jáde rárá mọ́.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní shock ẹ̀?" Bímpé ni.

"Kò lè shock ẹ̀."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Kò dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú.

Nọ́ọ̀sì Rosaline yọjú wo abẹ́rẹ́. "Thirty-six. E dey okay. Àǹtí, ẹ má worry."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú làpútọ́ọ̀pù. Kọ̀ǹpútà ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ 37.4. Ó ní òun kò mọ 37.9. Mo kà á sókè fún Bímpé, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ti gbàgbé pé ihò yẹn náà ni ẹnu ọ̀nà tí èmi fi ń wọlé sínú kọ̀ǹpútà, ètò kan sì wà níbẹ̀ bí aṣọ́nà, tó ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá dé. Àpótí ń sọ ooru rẹ̀, aṣọ́nà rò pé orúkọ rẹ̀ ló ń dá, ó sì ń lé e padà.

Òun kò mọ 38.3.

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Àwọn orúkọ náà ń gòkè. Mo yọ orí wo iwájú àpótí, abẹ́rẹ́ ṣì dúró gbagidi sórí mẹ́rìndínlógójì.

"Nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ yẹn ti kú! Ẹ ṣí i!"

"Àǹtí, but thirty-six ni o…"

"Mo ní ẹ ṣí i!"

Bímpé ti ṣí i. Ara ọmọ pọ́n bí ata, ó la ẹnu, igbe kò jáde. Nọ́ọ̀sì fi tẹmọ́mítà sí i lábíyá, ó wò ó, ó ní, "Jesus!" Ó tú aṣọ lára ọmọ, ó pa ẹ̀rọ ooru àpótí. Nígbà tó yá, ọmọ náà ké, igbe tín-ín-rín bíi ti ọmọ ológbò, Bímpé sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè pẹ́ níta. Àpótí kan ṣoṣo ni wọ́n ní, ọkọ̀ sì ti dí ọ̀nà Mile 2 pa, a ò lè gbé e lọ sí ọsibítù mìíràn. Nọ́ọ̀sì tan ẹ̀rọ ooru padà, ó fi ọwọ́ dín in kù, ó dá ọmọ padà sínú àpótí, ó wá kọjú sí mi. "Àǹtí, na your computer we go use now o."

Mo wá ìlà àṣẹ tó ń gbé aṣọ́nà yẹn dìde nínú kọ̀ǹpútà, mo fi àmì kan síwájú rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà má kà á mọ́. Nọ́ńbà wá ń jáde ní pípé: 36.5, 36.6. Mo kọ́ aago ní ìgbà tó yẹ kó ké. Ìlà kan ló kù, orúkọ ọmọ tí yóò hàn sójú bí aago bá ké. Mo fẹ́ kọ "Ọmọ Bímpé".

Bímpé di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí mi, ó ń ké sí wa látẹ̀ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ Ìrètíolúwa."

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà náà ju ti gbogbo ọ̀sán yẹn lọ. Mo rántí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Mo tẹ orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo sì jókòó, mò ń wo nọ́ńbà. Bímpé fi ẹnu sí ihò ẹ̀gbẹ́ àpótí, ó ń pe ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́.