Ẹni Tó Fọwọ́ Kejì Sí I

Inú ilé ìgbẹ́ ni Màmá Àgbà jókòó sí nígbà tó ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí a má bò ó mọ́lẹ̀. Bí a bá ní orí àga ló wà, irọ́ la pa. Bí a bá ní awò wà lójú rẹ̀, irọ́ kejì nìyẹn. Aṣọ rẹ̀ ká sókè dé ìbàdí, fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi tòsì di ògiri mú, inú ń run ún, ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, “Mo ti gbọ́ ọ, ó dára.” Kò gbọ́ ọ. Ìlà méjì péré ló gbọ́ nínú orin náà.

Àfi ká ṣàlàyé ohun tó tẹ̀, kí ẹ lè mọ bí ìwà òmùgọ̀ náà ṣe tóbi tó. Ọmọ ọmọ rẹ̀, ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Olóríkunkun, ló ṣe áàpù kan tí wọ́n fi ń gbọ́ orin lórí fóònù. Orin-Wa ló pè é. Kò sí iléeṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìpolówó ọjà nínú rẹ̀, kì í sì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni láti mọ ohun tó ń gbọ́. Àwọn olórin ló ń fọwọ́ ara wọn kó orin wọn síbẹ̀. Kóòdù rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ tí áàpù fi ń ṣiṣẹ́, gbangba ló wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè yọjú wò ó, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ lè fi tirẹ̀ kún un. Àmọ́ òfin kan wà. Àtúnṣe kankan kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn olùgbọ́ láìjẹ́ pé èèyàn méjì ti fọwọ́ sí i. Ọwọ́ kìíní ni ti ẹni tó ka kóòdù náà. Ọwọ́ kejì ni ti Màmá Àgbà, tí kò mọ orí kóòdù yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀, àmọ́ tó gbọ́dọ̀ fi fóònù tirẹ̀ gbọ́ odindi orin kan dópin kó tó tẹ̀ ẹ́. Olóríkunkun ní bí Màmá Àgbà bá lè rí orin tó fẹ́ láìbú ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tí kò ní rí i.

Ẹ má fi iṣẹ́ yẹn ṣeré o. Láti ìgbà tí orúnkún Màmá Àgbà ti kọ̀ láti gun àtẹ̀gùn, kò sẹ́ni tó tún ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mọ́. Wọ́n á ra àga, wọn ò ní bi í. Wọ́n á kun ilé, wọn ò ní bi í. Nínú Orin-Wa nìkan ni àwọn géńdé ọkùnrin tí kò rí rí ti ń kọ̀wé pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Màmá ti gbọ́ ọ?”

Ọ̀kan nínú wọn ń pe ara rẹ̀ ní Ọwọ́-Fúyẹ́. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, ohùn náà sì dùn bíi ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ tipẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó pe Màmá Àgbà lórí fóònù.

“Ìyá Ẹgbẹ́, ẹ ti ń pariwo pé lẹ́tà kéré jù. Mo ti sọ ọ́ di ńlá. Ẹ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́.”

Màmá Àgbà wò ó. Lẹ́tà tóbi lóòótọ́, ó tóbi bí ìdí òun alára. Ìyá Ẹgbẹ́! Orí rẹ̀ wú. Ó gbọ́ ìlà méjì nínú ilé ìgbẹ́ yẹn, inú tún lọ́ ọ, ó tẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Olóríkunkun já wọ yàrá ìdáná bí ìjì, kọ̀ǹpútà lábẹ́ apá, ojú pọ́n kankan.

“Màmá Àgbà, orin wo lẹ fi dán an wò?”

“O ò lè kí èèyàn ná?”

“Ẹ káàárọ̀, mà. Orin wo?”

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì láàárín èérún búrẹ́dì, ó tẹ nǹkan kan. Ohùn nọ́ọ̀sì kan jáde, ohùn ẹni tó ti sunkún tán tó ku kó jà.

“Ẹ̀yin Orin-Wa, bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Orin tí ìyàwó rẹ̀ kọ kó tó kú nìkan ló ń fẹ́ gbọ́. Orin náà parí, àwọn ọmọ rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú, ni obìnrin kan bá ké jáde nínú fóònù mi pé ká wá ra ìpara tó ń mú ìdí tóbi! Ẹ ní ẹ̀yin yàtọ̀. Ẹ ò yàtọ̀. Olè ni yín!”

Ẹ̀rín ìpara ìdí gbọn Màmá Àgbà nínú, ó gbé e mì. Nígbà tó gbé e mì tán, ìtìjú ló bá níbẹ̀.

“Kì í ṣe ìpolówó nìkan,” ni Olóríkunkun wí. “Gbogbo orin táwọn èèyàn gbọ́ látàná ni àtúnṣe yẹn ń ròyìn rẹ̀ fún iléeṣẹ́ kan. Inú lẹ́tà ńlá yín ni Ọwọ́-Fúyẹ́ fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí. Ká ní ẹ gbọ́ orin kan ṣoṣo dópin, ẹ̀ bá gbọ́ obìnrin oní-ìpara yẹn!”

“Ilé ìgbẹ́ ni mo wà.”

“Ẹ wà níbo?”

“Inú ń run mí! Ṣé kí n máa su, kí n tún máa gbọ́ orin dópin?”

“Ẹ̀ bá su tán kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́!”

Olóríkunkun ti yọ àtúnṣe náà kúrò, àmọ́ ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ti pa áàpù náà rẹ́ lórí fóònù wọn. Ó wá pe gbogbo àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ sí ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ bá mi wo ojú líle: Ọwọ́-Fúyẹ́ náà wọlé!

Màmá Àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kí ẹnikẹ́ni. “Ìwọ aláìnítìjú! Ọ̀dàlẹ̀! Ìwọ lo ń pè mí ní Ìyá Ẹgbẹ́, àṣé o fẹ́ fi mí tajà!”

“Màmá, ẹ rọra. Gbangba ni mo kọ ọ́ sí, ẹni tó bá fẹ́ ì bá kà á. Iléeṣẹ́ kan ló gbà mí, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo jẹ́.”

“Ta ló fọwọ́ kìíní sí i?”

“Èmi ni.”

“Iṣẹ́ tí ìwọ fúnra rẹ ṣe?”

“Ọmọ ọmọ yín ló fún mi láyè. Ó ní kíka iṣẹ́ mi ti sú òun, kí n máa fọwọ́ sí i dípò òun. Ẹ bi í.”

Olóríkunkun ń fi ìka kó èérún búrẹ́dì jọ lórí tábìlì bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló tẹ kọ̀ǹpútà, ó lé Ọwọ́-Fúyẹ́ jáde.

Màmá Àgbà ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ gbọ́ o, ọwọ́ kejì, tèmi ni. Ìgbẹ́ ni mo ń yà, mi ò gbọ́ orin náà dópin.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan pòṣé. “Màmá, ìpàdé la wà o.”

“Ìgbẹ́ ló ṣẹlẹ̀, ìgbẹ́ náà ni mo sọ!”

Níṣojú wọn ló gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ láti bẹ nọ́ọ̀sì náà àtàwọn ọmọ bàbá yẹn, kò fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà tí ìpàdé tú ká, ó ku òun àti Olóríkunkun nínú yàrá ìdáná.

“Mo ní láti yọ orúkọ yín,” ni Olóríkunkun wí láìwo ojú rẹ̀. “Àwọn olùgbọ́ fẹ́ rí i pé a ṣe nǹkan.”

Ta ni yóò tún máa bi Màmá Àgbà pé ṣé ó ti gbọ́ ọ? Àmọ́ ó jẹ̀bi, ó sì mọ̀.

“Yọ ọ́.”

Olóríkunkun yọ ọ́. Kẹ́tùlù ń hó, ẹnikẹ́ni kò dìde sí i. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkéde fún àwọn olùgbọ́, ó ń kà á sókè bó ṣe ń kọ ọ́: “Ẹni tó fọwọ́ kejì sí àtúnṣe náà kò tẹ̀ lé òfin wa. A ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Ó gbé ìka lé ibi tó máa tẹ̀ kó fi ránṣẹ́.

Màmá Àgbà dúró de èyí tó kù.

“Ó tán?”

“Ó tán, mà.”

“O ti kọ tèmi,” ni Màmá Àgbà wí. “Tìrẹ ńkọ́?”