Awò Tó Dúdú Jù

Awò aláwọ̀ búráùn yìí náà kọ́. Tàbí... kí n yọ ọ́, kí n tún un wọ̀. Ìkùukùu nìyẹn. Òrùlé nìyẹn. Wáyà iná — wáyà mélòó ló wà níbẹ̀ yẹn gan-an? Ẹyọ kan ni mò ń rí. Ó ti kéré jù.

Awò ló ń dà mí láàmú, kì í ṣe ojú. Ta ló mọ awò yàn jù mí lọ nínú gbogbo àwa tá à ń fò nínú baálù tí ò ní ẹ́ńjìnì? Èmi ni mo kọ́ wọn pé kí wọ́n má ra eléyìí tó ń pa dídán nǹkan lójú. Dídán ìyẹ́ baálù kejì lẹ máa kọ́kọ́ rí, kó tó wá kọ lù yín! Ẹ mú búráùn, baálù funfun máa ń yọ nínú rẹ̀. Kí apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kó má bo ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọmọ mi obìnrin náà, ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ, kó tó di pé ó ń pariwo lé mi lórí nínú baálù...

“Dádì, ọwọ́ ọ̀tún! Ọwọ́ ọ̀tún!”

Igbe ọ̀ún, bí ẹni tí ejò ṣán. Mo yà, baálù funfun kan sì gba abẹ́ wa kọjá, ó kù díẹ̀ kí n ka eyín ọkùnrin inú rẹ̀. A balẹ̀ tán, níwájú gbogbo ẹgbẹ́: “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ojú yín wò.” Èmi! Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè lákìísà bí àgbà ni? Mo ní ojo ni. Mo ní ìyá rẹ̀ ló fi jọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Ó dùn mọ́ mi nínú, kí n má parọ́.

Lọ́la la tún ń gòkè, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Awò tó dáa ni mo nílò, ó tán.

Àmọ́ ọmọ tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù awò yìí... ó dáa bó ṣe wọlé lọ kó òmíràn wá. Mo nàka sókè lẹ́ẹ̀kan, mo ní, wò ó, baálù rèé, awò yìí dáa! Ó gba awò lójú mi, ó fi aṣọ nù ún. “Ìdọ̀tí ni, sà.” Mo tún un wọ̀, baálù mi ti pòórá.

“Ojúlówó baálù rèé, sà, òkè ilé kejì yẹn.” Mo wò. Mo wò títí omi fi bọ́ lójú mi. Mò ń gbọ́ ariwo rẹ̀, mi ò rí i. Mo ní mo rí i. Èyí tiẹ̀ ń pariwo... tiwa kì í pariwo.

Háà. Ojú mi ni.

Ojú mi ni o. Ọmọ mi obìnrin yẹn ò parọ́.

Kí n wá lọ sọ? Kí n dúró níwájú àwọn tí mo fi ẹ̀kún rẹ̀ pa lẹ́rìn-ín, kí wọ́n gba ìjókòó mi, kí n máa wo òkè láti ìsàlẹ̀ bí adìyẹ? Láéláé.

Dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn — àní èyí tó ń pa dídán, tí mo ní kẹ́nikẹ́ni má rà. Mo wọ̀ ọ́. Mo yíjú sí jígí ara ògiri. Ojú mi ò hàn rárá. Ó bá mi mu.

Ọmọ mi ló máa jókòó níwájú lọ́la. Ojú tirẹ̀ ṣì ń ríran. Tó bá ké, màá yà. Tá a bá balẹ̀, màá tún pè é ní ojo.