Orúkọ Táyé Lókè Orúkọ Kẹ́hìndé

Mọ́mì Kẹ́hìndé kò dáhùn ìkíni mi. Wọ́n ju ìwé ètò ìsìnkú tí mo yà fún wọn sórí kọ̀ǹpútà mi.

"Ka orúkọ tó wà níbẹ̀. Kà á sókè."

Fọ́tò ìyá wọn, Màmá Rachel Fámúrewá, tí wọ́n fẹ́ sin ní Ọ̀kà lọ́jọ́ Jímọ̀, ló wà níwájú ìwé náà. Orúkọ àwọn ọmọ wà lábẹ́ fọ́tò. Ti Táyé, èkejì wọn, ló ṣáájú, ti Mọ́mì Kẹ́hìndé fúnra wọn tẹ̀ lé e.

"Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"O mọ̀ ọ́n, o sì sọ mí di àbúrò. Igba ìwé ni Safinat atẹ̀wé ti tẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Wọ́n ti ń kí mi ní 'Ẹ kú ìrọ́jú, àbúrò Táyé.'"

Ìyá mi àgbà ló kọ́ mi ní ìwé nílé, mi ò lọ sí ilé-ìwé kankan. Kí n tó mọ ABD ni wọ́n ti sọ fún mi pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò, pé Kẹ́hìndé ni àgbà. Ọwọ́ mi kò lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Iṣẹ́ ìwé ọgọ́rùn-ún ọdún ìjọ wa tí mo ṣèlérí fún ẹ, gbàgbé ẹ̀."

Ìyẹn ló dùn mí jù. Mọ́mì Kẹ́hìndé ni alága ìgbìmọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Èmi nìkan ni mò ń dá iṣẹ́ mi ṣe nínú yàrá ilé wa, káàdì ìkómọ àti pósítà ọjọ́ ìbí ni mò ń yà. Ìwé ìjọ yẹn ni ìbá sọ mí di ẹni tí gbogbo Àkókó mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Iṣẹ́ tí mò ń yà kì í gbé inú kọ̀ǹpútà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń gbé, líǹkì sì ni èèyàn fi ń wọ ibẹ̀. Mo ti fi líǹkì ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì lórí Wasáàpù kí wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò. Líǹkì tí èèyàn lè fi wò ó lásán wà, èyí tó lè fi tún un ṣe náà wà. Èyí tó lè fi tún un ṣe ni mo fún wọn. Ó tì mí lójú láti sọ fún àgbà pé kí wọ́n wò, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án.

Ibi tí mo ti ń wá ẹni tó tún un ṣe ni Mọ́mì Táyé ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, tí wọ́n wọlé.

"Ọ̀rọ̀ ìwé yẹn náà ni, Kẹ́hìndé? Ọmọdé ṣàṣìṣe, o ń dààmú àdúgbò." Wọ́n kọjú sí mi. "Fúnminíyì, àṣìṣe rẹ ni, àbí?"

Bí wọ́n ṣe wò mí, mo mọ èsì tí wọ́n fẹ́. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé, 'Bẹ́ẹ̀ ni' ló yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n Mọ́mì Kẹ́hìndé ti gbé fóònù sétí. "Akọ̀wé, ẹ yọ orúkọ ọmọ yẹn kúrò nínú iṣẹ́ ìwé ìjọ."

Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn.

"Ó máa ń kọ orúkọ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án sílẹ̀, mà."

Ó wà níbẹ̀ gbangba: Táyé Fámúrewá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀.

Mọ́mì Kẹ́hìndé gbé fóònù kúrò létí. "Táyé."

"Kí ni? Ṣebí èmi ni mo kọ́kọ́ jáde?"

"Èmi ni mo rán ẹ."

"O ò rán mi ní nǹkan kan. O gba gbogbo àyè inú ibẹ̀, mo sá jáde."

Mọ́mì Kẹ́hìndé bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì Táyé náà rẹ́rìn-ín, wọ́n gbá èjìká ara wọn. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mọ́mì Táyé ló kọ́kọ́ dákẹ́. "Ó túmọ̀ sí pé gbogbo ìgbà ni ọmọ yìí ń ṣọ́ wa."

"Kì í ṣe èmi, mà. Ibẹ̀ ló ń..."

"Ó ń tọ́jú ẹ̀ṣẹ̀ àgbà pamọ́," Mọ́mì Kẹ́hìndé sọ. Ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn. "Ẹni tó tú àṣírí àbúrò mi síta báyìí, òun ni kí n kó ìwé ìjọ fún?" Wọ́n gbé fóònù sétí padà. "Akọ̀wé, bí mo ṣe wí náà ni."

Wọ́n jọ jáde, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Mo gbé orúkọ Kẹ́hìndé padà sókè. Mo bẹ Safinat pé kó tún un tẹ̀. Mo wá yí líǹkì náà padà sí èyí tí wọ́n lè fi wò ó nìkan, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì. Kò pẹ́ tí Mọ́mì Kẹ́hìndé fi kọ̀wé: "Mo fẹ́ fi 'Àgbà' síwájú orúkọ mi. Kò gbà."

Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ: "Kò ní gbà, mà. Ohun tí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ ọ́, èmi ni màá kọ ọ́ síbẹ̀."

Wọ́n kà á. Mi ò sì yí líǹkì náà padà.