M Ló Ṣáájú T

1.

…rárá o, ẹ má pa ẹnu dé, Ọ̀gbẹ́ni Stenerson, ẹ máa gé dókítà lọ́wọ́ jẹ. Ohun tí mò ń sọ ni pé láti ọjọ́ tí ìran Haugen ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n forí lé Minnesota yìí, wàrà màlúù la ń fún, yìnyín la ń kó. Kò tíì sí ẹyọ ẹnì kan tó gbé ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì wọlé. Ẹyọ kan! Oṣù Karùn-ún tó ń bọ̀ yìí, èmi Twyla ni màá kọ́kọ́ gbé e wọlé. Èmi ni àkọ́kọ́. Ẹni tó bá kù, kó wá tò sẹ́yìn mi. Àbí mo parọ́?

Ọ̀GBẸ́NI STENERSON: Ààà-ù-ù.

TWYLA: Ẹ ṣeun, sà.

(Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: iṣẹ́ Twyla ni kó di rọ́bà tó ń fa itọ́ mú nígbà tí dókítà eyín bá ń gbẹ́ eyín. Gbogbo ẹni tó ń bá a tàkúrọ̀sọ lójúmọ́, òwú ti kún wọn lẹ́nu, ètè wọn ti kú. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi já a nírọ́ rí.)


2.

ÌKÉDE FÚN ÀWỌN ÒBÍ
Ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn, Ilé Ìwé Girama Nordvik

Ọmọ yín ti dé kíláàsì àṣekágbá. Ẹ wá ká jọ ṣètò ẹ̀kọ́ tó kù fún un. Ọmọ tó bá mọ̀wé lè máa bá a lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bó ṣe ń ṣe girama lọ. Ẹ̀kọ́ kan náà ni: a ó kà á mọ́ ti girama níbí, wọn ó tún kà á mọ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́hùn-ún. Ìjọba ló ń sanwó. Òbí gbọ́dọ̀ buwọ́ lùwé.

Kófí wà. Bísíkíìtì ti tán.


3.

Ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Pruitt, olùdámọ̀ràn. Òun rèé. Twyla rèé. Maren rèé, ọmọ kan ṣoṣo tí Twyla bí, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó ń fi irun ara ẹ̀ ṣe ìpápánu. (Bàbá Maren wà ní Fargo. Kó máa wà níbẹ̀.)

PRUITT: Màmá Maren, ìròyìn ayọ̀ ni mo pè yín sí.

TWYLA: Ayọ̀ ò pọ̀jù fún mi rí.

PRUITT: Mo ro gbogbo yúnìtì tí Maren ti kó jọ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Otter Bend láti ọdún tó kọjá pọ̀. Tó bá lè ṣe ti sáà tó ń bọ̀ yìí mọ́ ọn, oyè ọlọ́dún méjì pé nìyẹn! Ọmọ yìí máa gba ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì kó tó gba ti girama!

TWYLA: Oyè wo?

MAREN: Irú tiyín, Mọ́mì.

TWYLA: Mo rò pé ẹ̀kọ́ méjì mẹ́ta lò ń lọ tọ́ wò níbẹ̀.

MAREN: Ẹ̀yin lẹ ń buwọ́ lù ú láti ọjọ́ yìí.

(Òótọ́ ni. Ó ń buwọ́ lù ú bí ẹni tó ń buwọ́ lùwé pé kọ́mọ lọ wo kìnnìún lọ́gbà ẹranko.)

PRUITT: Ẹ̀yin náà ń jáde ní Otter Bend loṣù Karùn-ún? Ìyá àtọmọ! Lórí pèpéle kan náà! Mo máa pe àwọn oníwèé ìròyìn. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé wọ́n máa to yín tẹ̀lé ara yín ni? Orúkọ ìdílé yín dọ́gba, torí náà orúkọ àbísọ ni wọ́n á wò, bí ábídí ṣe lọ. Haugen, Maren. Lẹ́yìn náà, Haugen, Twyla.

TWYLA: Ìkòkò ńkọ́?

PRUITT: Kí lẹ wí?

TWYLA: Kíláàsì tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò. Ẹ̀ ń kọ́ wọn níbí. Ọmọdé ò gbọ́dọ̀ ṣe girama parí láìfọwọ́ kan amọ̀.

MAREN: Mọ́mì.

TWYLA: Mò ń sọ tèmi ni.


4.

M ló ṣáájú T.


5.

ÌDÍ TÍ MAREN FI GBỌ́DỌ̀ MỌ ÌKÒKÒ NÍ SÁÀ TÓ Ń BỌ̀, KÓ FI KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ SÍLẸ̀
(Twyla ló kọ ọ́, sẹ́yìn káàdì tí wọ́n fi ń rán aláìsàn létí ọjọ́ eyín)

— Ọmọ gbọ́dọ̀ máa bá ẹgbẹ́ ẹ̀ jẹun ọ̀sán.

— Yìnyín. Ọ̀nà Otter Bend ń yọ̀. (Èmi náà ń gba ibẹ̀, àmọ́ táyà tèmi dára.) (Mọ́tò kan náà ni.)

— Amọ̀ dára fún èékánná.

— A ò ní abọ́ tí à ń kó kọ́kọ́rọ́ sí.

— Ẹ̀kọ́ kan ní sáà kan, owó iṣẹ́ ara mi ni mo fi ń kà á láti ìgbà tó ti ń lo ìlédìí, ọmọ náà wá sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ajá tó rí egungun, kò tiẹ̀ kí mi kú ìrìn. [ó fa ìlà pa gbogbo èyí]

— ABỌ́ KỌ́KỌ́RỌ́. [ó fa ìlà sábẹ́ èyí lẹ́ẹ̀mejì]


6.

Ẹ dúró. Mo ti fo nǹkan kan. Ó burú jù báyìí lọ.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lè sá fún tó bá fẹ́ oyè yẹn: Ọ̀rọ̀ Sísọ Níwájú Èrò. Ìyá ò tíì ṣe é. Ọmọ ò tíì ṣe é. Kíláàsì kan ṣoṣo ló sì wà. Ìyẹn ni pé bá a ṣe ń sọ ọ́ yìí, láti oṣù Kẹsàn-án ni àwọn méjèèjì ti jọ ń jókòó níbẹ̀: ìyá níwájú pátápátá níbi tí itọ́ olùkọ́ ti lè bà á, ọmọ lẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Arábìnrin Okerlund tó ń kọ́ wọn wo orúkọ, ó ní, "Haugen méjì. Ṣé ẹ bára yín tan ni?"

Ìyá: "Rárá."

Ọmọ: "Rárá."

Ẹnu wọn kò ì ṣọ̀kan tó bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i.

Nígbà tó kan Twyla láti sọ̀rọ̀, ó yá eyín ràgàjì tí wọ́n fi fóòmù funfun ṣe níbi iṣẹ́ (dókítà ò mọ̀ pé òun yá a), ó gbé e lé apá bí ọmọ, ó sì kọ́ gbogbo kíláàsì bí wọ́n ṣe ń fọ erìgì. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹnì kan dìde dúró pàtẹ́wọ́.

Nígbà tó kan Maren, ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pọ̀lọ́ igbó tó máa ń dì gbagidi lásìkò òtútù, tí ọkàn ẹ̀ á dúró, tó tún máa jí nígbà tí yìnyín bá yọ́. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀. Ẹni méjì ló pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń gbọn ṣúgà dónọ́ọ̀tì kúrò lọ́wọ́ ni.


7.

(Maren, nínú fóònù ẹ̀, níbi tó ń kọ nǹkan sí tí kì í fi ránṣẹ́ sẹ́nì kankan)

Tí Mọ́mì bá gba ọgọ́ta, wọ́n á gé kéèkì. Pásítọ̀ á ní kó dìde dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo èèyàn á ní, ẹ wo obìnrin yìí, pẹ̀lú iṣẹ́, pẹ̀lú ọmọ.

Tí mo bá gba márùndínlọ́gọ́rùn-ún: "Ṣé o ti gbé pàǹtí síta?"

Èmi ni "pẹ̀lú ọmọ" yẹn o.

Èmi náà fẹ́ kéèkì. Tó bá jẹ́ èmi ni mo kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí náà, wọ́n á gé e fún mi ni dandan. Ti lẹ́mọ́nù ni mo fẹ́.


8.

Lórí fóònù. Twyla lo ohùn tó fi máa ń bá ẹni tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀.

AKỌ̀WÉ: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Otter Bend, ẹ káàárọ̀.

TWYLA: Ẹ káàárọ̀, mà. Mo kàn fẹ́ mọ máàkì ọmọ mi nínú Ọ̀rọ̀ Sísọ. Maren Haugen.

AKỌ̀WÉ: Ẹ má bínú, mà. Òfin ò gbà. Ẹni tó bá ti di akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ló ni máàkì ẹ̀. Àfi tó bá buwọ́ lùwé pé kẹ́ ẹ rí i.

TWYLA: Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni!

AKỌ̀WÉ: Ó lè jẹ́ ọmọ ọdún méjì, mà, tó bá ṣáà ti forúkọ sílẹ̀.

TWYLA: Èmi ni mo bí i.

AKỌ̀WÉ: A ò jiyàn, mà.

TWYLA: Èmi ni mò ń fọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀!

AKỌ̀WÉ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kí ló dé tẹ́ ò bi òun fúnra ẹ̀?

TWYLA: Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

AKỌ̀WÉ: Óò.

TWYLA: Kíláàsì kan náà la jọ wà, ẹ jọ̀ọ́. Ó yẹ kí n mọ ibi tí mo dúró sí.

AKỌ̀WÉ: Háà. Ẹ̀yin ni Haugen kejì? Mà, mi ò sì lè sọ fún yín bóyá ẹnì kan ti pè láàárọ̀ yìí tó ń béèrè tiyín.

TWYLA: Ta ló pè?

AKỌ̀WÉ: Mi ò lè sọ, mà.

TWYLA: Ọmọ mi ni!

AKỌ̀WÉ: Mi ò lè sọ. Mò ń gbọ́ ọ tó ń jẹ nǹkan bí irun ṣá.


9.

(Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù)

TWYLA: O pe kọ́lẹ́ẹ̀jì

MAREN: Ẹ̀yin náà pè

TWYLA: Ìyá ẹ ni mí

MAREN: Ní kíláàsì ẹ ní a ò bára wa tan

TWYLA: Ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀

MAREN: Ẹ buwọ́ lu tiyín kí n rí i. Màá buwọ́ lu tèmi kẹ́ ẹ rí i

TWYLA: Lẹ́ẹ̀kan náà

MAREN: Lẹ́ẹ̀kan náà

TWYLA: Mi ò fọkàn tán ẹ

MAREN: Yàrá mi ni mo wà Mọ́mì. Ògiri kan ló wà láàárín wa. Mò ń gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń mí


10.

Haugen, Maren: 93.

Haugen, Twyla: 88.

Twyla ní Okerlund ń ṣojúsàájú. Ó ní láyé ibo ni ọ̀pọ̀lọ́ ti ń borí eyín? Ó sọ ọ́ fún Màmá Ardis, ìyá tó bí i, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, tó sì máa ń jókòó sídìí tábìlì láti òwúrọ̀ tó ń fi páálí wẹ́wẹ́ to àwòrán adágún omi.

"Méjìdínláàádọ́rùn-ún kí ni?" Màmá Ardis béèrè. Kò gbójú sókè. Páálí ojú ọ̀run ló ń wá.

Ẹ̀yin á rò pé inú Maren dùn. Rárá o! Ó kàn wo 88 yẹn, ó ní, "Wọ́n máa gé kéèkì fún èyí."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ibi iṣẹ́ eyín gé kéèkì fún Twyla.

Ti lẹ́mọ́nù.


11.

Òwú ń bẹ lẹ́nu Stenerson. Owú ń bẹ láyà Twyla. Ti Stenerson, wọ́n máa yọ ọ́.


12.

LÁTỌ̀DỌ̀ Ọ̀GBẸ́NI PRUITT: Màmá Maren, fọ́ọ̀mù sáà tó ń bọ̀ ò tíì dé ọwọ́ mi. Ọ̀la ni mo máa tì í pa. Bí òbí ò bá buwọ́ lù ú, kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì o, kò sì sí oyè loṣù Karùn-ún. Màá kàn fi í sí kíláàsì tí àyè bá ti ṣẹ́ kù. Mo ti wò ó. Ìkòkò ló ṣẹ́ kù.


13.

Twyla gbàgbé.


13.

Twyla ò gbàgbé.


13.

Ojoojúmọ́ ni Twyla ń rántí pé kí òun gbàgbé.


14.

Oúnjẹ alẹ́. Ẹran lílọ̀ àti ẹ̀wà tútù nínú páànù, tí wọ́n to ọ̀dùnkún wẹ́wẹ́ sí lórí bíi páànù ilé, tí wọ́n fi yan nínú ààrò. Àwọn mẹ́ta ló wà nídìí tábìlì: Twyla, Maren, Màmá Ardis.

MAREN: Ọ̀gbẹ́ni Pruitt ní fọ́ọ̀mù mi ò tíì dé.

TWYLA: Àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ yìí náà ṣá.

MAREN: Ọwọ́ yín ni mo fi lé, Mọ́mì. Kò bá ilé ìfìwéránṣẹ́ kankan pàdé.

TWYLA: Jẹun ẹ.

MAREN: Mo rí i. Inú mọ́tò ló wà. Ẹ gbé kófí lé e lórí.

(Ó fà á yọ lábẹ́ itan, ó tẹ́ ẹ sáàárín tábìlì. Kófí ti fa òrùka síbi tó yẹ kí òbí buwọ́ lù. Maren fi gègé lé e lórí.)

TWYLA: Kí lò ń sáré sí gan-an? Ṣé ìlú ń jó ni? Ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ìwé ẹ̀rí náà ò ní sá lọ. Kí n ṣáà kọ́kọ́…

MAREN: Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kí ni?

TWYLA: Kí n kọ́kọ́ gbà á! O ti gbọ́ ọ báyìí? O ní ìjọba tó ń sanwó fún ẹ. O ní Pruitt. O ní eékún tí kì í dun ẹ. Ẹyọ kan ni mo ní kó o fi sílẹ̀ fún mi, ẹyọ kan péré!

MAREN: Ẹ̀yin tí gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́ fún! Tẹ́ ẹ bá sùn mọ́jú, wọ́n á pàtẹ́wọ́! Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún mi mọ́!

TWYLA: O tètè rìn. Inú bí mi nígbà yẹn náà.

MAREN: Mọ́mì!

TWYLA: Ìwọ lo ní kí n sòótọ́.

MAREN: Mi ò ní kẹ́ ẹ sòótọ́, mo ní kẹ́ ẹ buwọ́ lùwé!

(Twyla mú gègé. Ó ṣí i. Ó dé e. Ó ṣí i.)

TWYLA: Àkọ́kọ́, Maren. Ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé yìí. Ṣé o mọ ohun tíyẹn jẹ́?

MAREN: Mo mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ nìyẹn.

TWYLA: Kò lè jẹ́ ẹni méjì!

MAREN: Kó jẹ́ èmi nígbà yẹn!

MÀMÁ ARDIS: Èmi gba ìwé ẹ̀rí kọ́lẹ́ẹ̀jì tèmi lọ́dún 1969. Ọ̀dùnkún yìí ò níyọ̀.